Ilé ńlá tí a fẹ́ sọ di ilé ìsinmi àti ilé ìgbéyàwó: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ajogúnlé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá wa fi ilé òkè kan sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi obìnrin. Yàrá 14 ni, pálọ̀ méjì ló wà nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn kan wà lókè, ilẹ̀ gbalasa sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lé ní 80 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọdún mẹ́fà sì rèé tí ẹnikẹ́ni ò gbébẹ̀. A fẹ́ tún un ṣe kí àwọn ẹbí máa gbà á fún ìsinmi, kí àwọn tó ń ṣègbéyàwó náà sì máa lò ó. Àbúrò mi ti ń wo àwọ̀ ọ̀dà àti kọ́tíìnì. Èmi ń wo àjà tó ń jò. Owó ọwọ́ wa ò tó gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ni kí a kọ́kọ́ dáwọ́ lé? Kí lẹ ṣe tẹ́ ẹ kábàámọ̀?

Bíríkìlà Àtijọ́

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Òrùlé ni. Lẹ́yìn òrùlé, gọ́tà. Lẹ́yìn gọ́tà, ibi tí omi gọ́tà ń dà sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí agolo ọ̀dà títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi parí. Ẹ bá mi kí àbúrò yín, kọ́tíìnì ò ní sá lọ.

Ilé tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láìmù ni wọ́n fi mọ ọ́n tí wọ́n sì fi rẹ́ ẹ, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Láìmù ni ẹfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta tí wọ́n sun. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń mu omi, á sì tún mí i jáde. Bí ẹ bá wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lórí, omi inú rẹ̀ ò ní rọ́nà jáde mọ́, á máa gun òkè, iyọ̀ á máa yọ funfun lára ògiri, ọ̀dà á sì máa ṣí bí èèpo. Àwọn tó ń ta oògùn tí wọ́n ń fún sínú ògiri á wá bá yín. Ẹ ní kí wọ́n dúró ná, kẹ́ ẹ jáde síta lọ wò ó. Ṣé ilẹ̀ ìta ò ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ? Ó kéré tán, ó yẹ kó fi 150 mm rẹlẹ̀ sí i. Ṣé páìpù kankan ò jò? Ṣé gọ́tà ò máa da omi sẹ́sẹ̀ ògiri? Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n pè mí sí irú ògiri bẹ́ẹ̀, ṣọ́bìrì ni mo fi wò ó sàn.

Bí omi bá ti dáwọ́ dúró, ẹ ní sùúrù. Ìṣirò tí àwọn ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé oṣù kan ló ń gba 25 mm ògiri kó tó gbẹ. Ògiri 225 mm, oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn, bí oyún. Ẹ máa ṣí fèrèsé.

Igi òrùlé ńkọ́? Ẹ yá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi. Bó bá ti ju 20% lọ, olú tó ń jẹ igi lè ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Bí igi bá gbẹ, olú ò ráyè gbé inú rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣeré. Bí àjà tàbí òrùlé bá jẹ́ ti asbẹ́stọ̀sì, ìyẹn ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀. Ẹ pe àwọn tó ń fi kíkó o ṣiṣẹ́ ṣe. Ọ̀dà àtijọ́ náà, òjé tó jẹ́ májèlé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ.

Alétò Ìyàwó

Òótọ́ ni bàbá bíríkìlà sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ẹ tó ra ìṣó kan, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ètò ìkọ́lé lágbègbè yín. Ilé gbígbé nilé yín lójú òfin. Bí ẹ bá fẹ́ máa gba àlejò tó ń sanwó, pàápàá èrò ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ pé ẹ máa gba àṣẹ láti yí ìlò ilé padà. Bó bá sì wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò, fèrèsé kan lásán, ẹ lè má lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀ láìtọrọ àyè. Mo mọ tọkọtaya kan tó ti gba owó ìgbéyàwó mẹ́fà kí wọ́n tó gbọ́ pé orin ò gbọdọ̀ dún níbẹ̀. Wọ́n dá gbogbo owó náà padà.

Èkejì: òwò méjì lẹ dárúkọ yẹn, Sátidé kan náà làwọn méjèèjì sì ń jà lé. Ẹni tó fẹ́ sinmi ń wá ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ń wá Sátidé, ó sì lè ti mú un ní ọdún kan tàbí ọdún kan àtààbọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ti gbé ọ̀sẹ̀ kan fún olùsinmi, ẹ ti ta Sátidé yẹn nù. Ohun tí mo rí tó ń bọ́ sí i ni kí ẹ máa gbé gbogbo ilé jáde pọ̀ fún òru mẹ́ta: wọ́n á dé ní Furaidé, ìgbéyàwó á wáyé ní Sátidé, Sọ́ńdè fún ìsinmi àti pálẹ̀mọ́, Mọ́ńdè wọ́n á lọ. Àwọn oṣù tí ìgbéyàwó ò wọ́pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn olùsinmi ọlọ́sẹ̀ kan. Kàléńdà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ní, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa kọ nǹkan sí i. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ jọ ni ilé yẹn, ẹ tètè yan ẹni náà.

Ẹnjiníà Orí Pápá

Ajogúnlé, ẹ dákun, gbọ̀ngàn òkè yẹn, ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí wọ́n ti máa jó?

Ajogúnlé

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ibẹ̀ ló rẹwà jù nínú ilé.

Ẹnjiníà Orí Pápá

Ẹ dá èrò yẹn dúró. Ilẹ̀ òkè ilé gbígbé, ẹrù 150 sí 200 kg la sábà ń ṣírò fún ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ibi ijó, nǹkan bíi 500 kg ni ìlànà òde òní ń béèrè. Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo nìkan. Bí èèyàn 60 bá ń fò tí wọ́n sì ń balẹ̀ pọ̀ nítorí pé ìlù kan náà ló ń darí wọn, ilẹ̀ á máa mì, bí ìfò wọn bá sì wá bá bí ilẹ̀ náà ṣe ń mì fúnra rẹ̀ mu, mímì náà á máa pọ̀ sí i ni. Ẹ wá fi igi tí òjò ti ń rin láti ọdún mẹ́fà kún un.

Ẹ ní kí ẹnjiníà wá ṣí pákó wò, kó wọn igi, kó sì kọ iye èèyàn tí ibẹ̀ lè gbà sílẹ̀ fún yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi níbí rọ́pò iyẹn. Títí dìgbà náà, òkè wà fún fọ́tò àti ìjókòó pẹ̀lẹ́. Ìsàlẹ̀ ni ijó.

Alétò Ìyàwó

Ilẹ̀ gbalasa ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an lowó yín wà. Tábìlì rìbìtì tó jẹ́ 1.8 m ń gba èèyàn mẹ́wàá. Bí ẹ bá ka nǹkan bíi 1.2 m níbùú lóròó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà àrìnkọjá, èèyàn 150 á gba àgọ́ tó lé díẹ̀ ní 200 m² kẹ́ ẹ tó ronú kan ibi ijó àti ibi olórin. Pálọ̀ méjèèjì yín ò lè gba iyẹn láé. Ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà kó dọ́gba, kẹ́ ẹ sì wọn gééètì: ọkọ̀ tó ń gbé àgọ́ ò ní fò wọlé.

Ọkọ̀ àwọn àlejò náà ńkọ́? Bí èèyàn 150 bá wá ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọkọ̀ 50 nìyẹn. Pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n á gbà wọlé jáde, ẹ ka 25 m² fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Púlọ́mbà

Kí wọ́n sì má ṣe páàkì sórí sọ́kàwéè. Mo ti fa ọkọ̀ jáde nínú rẹ̀ rí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi. Yàrá 14, èèyàn méjì-méjì, 28 nìyẹn. Ṣáwà tó dára ń da nǹkan bíi lítà 9 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ, lítà 72 ni. Gbogbo wọn, ó lé díẹ̀ ní 2,000. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, wákàtí kan náà ni gbogbo wọn á fẹ́ wẹ̀. Bí omi inú tánkì gbígbóná bá wà ní 60°C, tí omi tútù wà ní 20°C, tí ẹni tó ń wẹ̀ fẹ́ ẹ ní 40°C, ìdajì omi yẹn gbọ́dọ̀ ti inú tánkì gbígbóná wá. Lítà 1,000. Ìyàwó ló máa ń wẹ̀ gbẹ̀yìn nítorí àwọn tó ń ṣe irun rẹ̀. Ẹ ò fẹ́ gbọ́ igbe rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ní 60°C? Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Legionella. Inú omi tó wà láàárín 20 sí 45°C ló ti ń gbèrú, pàápàá omi tó dúró sójú kan. Èèyàn á mí ìrì ṣáwà símú, ó di àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ilé yín ti ṣófo fún ọdún mẹ́fà. Ẹ gé gbogbo páìpù tí kò lọ síbì kankan mọ́ kúrò, ẹ fọ tánkì, kẹ́ ẹ sì máa ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi àti ṣáwà fún ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́sẹ̀ tí kò bá sí àlejò. Omi 60°C lè bó ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi fáàfù tó ń po gbígbóná mọ́ tútù sí ṣáwà àti ibi ìwẹ̀ gbogbo.

Sọ́kàwéè tí wọ́n ṣe fún ẹbí kan ò lè gbé èèyàn 150 láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹ yá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká fún ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀gbin inú tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ jáde kí àkókò ìgbéyàwó tó wọlé, kẹ́ ẹ sì fi ohun tó ń gba ọ̀rá dúró sí ojú omi ilé ìdáná.

Ojú Iná

Tèmi ò pọ̀. Bí iná yín bá jẹ́ 230V tí fíúsì ńlá ẹnu ilé sì jẹ́ 60A, 13.8 kW ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná mẹ́ta, 3 kW ọ̀kọ̀ọ̀kan: 9. Alásè gbé ààrò iná méjì wá, 3 kW ọ̀kọ̀ọ̀kan: 15. Olórin ò tíì dé, ilé ti ṣókùnkùn. Ẹ fún alásè àti olórin ní ojú iná tiwọn lọ́tọ̀ níta, tàbí kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá, kó sì jìnnà sí fèrèsé gbogbo, torí gáàsì kan tí kò lóòórùn wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹni tó bá lo wáyà gígùn tí wọ́n ká jọ (ẹ̀sténṣọ̀n), kó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wà ní kíká, á gbóná títí á fi yọ́.

Wáyà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wà nínú ògiri yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Aago tó ń gbóòórùn èéfín, ẹ so wọ́n pọ̀ kó jẹ́ pé bí ti ilé ìdáná bá ké, ti yàrá òkè á ké. Ilẹ̀kùn àbájáde, kó ṣeé ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Èèyàn tó sùn nílé onílé ò mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Ajogúnlé

Ẹ ṣé gan-an ni o. Àbúrò mi ti ka gbogbo rẹ̀, ojú ẹ̀ ti fà ro. Ó ní kí n béèrè ẹ̀gbẹ́ ibi tó dùn: bí àlejò bá ti ń wọlé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Màmá Àlejò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń gba àlejò sílé ńlá. Ilé títúnṣe ní òpin. Aṣọ ibùsùn ò lópin.

Ibùsùn kan, aṣọ mẹ́ta: ọ̀kan lórí ibùsùn, ọ̀kan níbi ìfọṣọ, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí gbogbo rẹ̀ funfun. Èmi kọ́kọ́ ra aláràbarà, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, ó rẹwà bí ọjà òwúrọ̀. Ọtí dà sí ọ̀kan, mi ò rí irú rẹ̀ rà mọ́, ni yàrá yẹn bá di yàrá alábùlẹ̀. Funfun ṣeé sè, ó ṣeé fi bílíìṣì fọ̀, ẹyọ kan bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹyọ kan. Ẹ fi èyí tí omi ò lè gbà kọjá bo mátírẹ́ẹ̀sì kẹ́ ẹ tó tẹ́ aṣọ sí i. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó: bí àwọn kan bá lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tí àwọn mìíràn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin, wákàtí mẹ́fà lẹ ní. Yàrá kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ rẹ̀ lè gba ẹni tó mọṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 45. Yàrá 14, wákàtí mẹ́wàá àtààbọ̀ nìyẹn, láì tíì kan ilé ìdáná àti pálọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló kéré jù. Ẹ sanwó fún wọn dáadáa, torí àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí ibi tó ń jò.

Ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ kó rí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbéyàwó máa ń gbé àga rin. Mo ti rí àga yàrá òkè nínú ọgbà, tí ìrì ti sẹ̀ sí i lára. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ náà, bí ẹ ò bá fún wọn ní ibi tí wọ́n á fi nǹkan kọ́, wọ́n á kan ìṣó. Ẹ fi ìkọ́ tó lágbára sí òkè ògiri àti ẹnu ọ̀nà fúnra yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kò sí ìṣó, kò sí tépù lára ọ̀dà, kò sí àbẹ́là tí ò sí nínú gíláàsì.

Ẹ kọ ìwé kékeré kan sílẹ̀ nínú ilé: bí wọ́n ṣe ń tan omi gbígbóná, ibi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé, ibi tí fíúsì wà, ẹni tí wọ́n á pè. Ẹ kọ ọ́ bíi pé ó ti rẹ ẹni tó máa kà á, pé òru ni, pé ọmọ rẹ̀ sì ń ké. Kọ́bọ́ọ̀dù kan gbọ́dọ̀ ní àgádágodo, kí gílóòbù, fíúsì, ìdérí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kẹ́tùlù wà nínú rẹ̀. Àwo àti síbí, ẹ jẹ́ kó ju iye ibùsùn lọ: èèyàn 28, àwo 40.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ẹ sùn ní gbogbo yàrá, ìwọ àti àbúrò rẹ. Ẹ wẹ̀ nínú gbogbo ilé ìwẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹ máa gbé fóònù sí kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ gbọ́ páìpù tó ń ké lóru. Yàrá kan wà nílé mi tí iná ìta ń tàn bọ́ sí ojú ẹni tó bá sùn. Ọdún méjì ni àwọn àlejò fi ń sọ pé ilé dára àmọ́ àwọn ò sùn dáadáa, tí mo ń rò pé mátírẹ́ẹ̀sì ni. Mátírẹ́ẹ̀sì méjì ni mo rà.

Aládùúgbò

Mi ò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ o. Èmi ni mò ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Kì í ṣe orin ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo gbọ́ pé ilé náà ti di ilé ìgbéyàwó lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà mi. Ká ní wọ́n wá kí mi, kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà fóònù tẹ́nì kan á gbé, kí wọ́n sì fi ọjọ́ ìgbéyàwó ọdún náà ránṣẹ́ sí mi, mi ò bá ti rin ìrìn àjò lọ́jọ́ mélòó kan. Dípò bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀sùn ni mo kọ. Mo kọ mẹ́rin.

Ní ti orin: ní gbangba, bí ọ̀nà bá ti di ìlọ́po méjì sí ibi tí ẹ̀rọ wà, ariwo ń fi nǹkan bíi 6 dB (dẹ̀síbẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) dín kù, ó sì máa ń tó 10 dB kó tó dà bí ìdajì létí. Nítorí náà jíjìnnà díẹ̀ ò ràn mí lọ́wọ́. Ibi tí ẹ kọjú ẹ̀rọ sí ló ràn mí lọ́wọ́. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri ilé tiyín. Aṣọ àgọ́ ò dá ìró wúwo bíi ti ìlù ńlá dúró rárá. Ẹ̀rọ kan tiẹ̀ wà tó máa ń pa iná olórin fúnra rẹ̀ bí ariwo bá ti kọjá ibi tẹ́ ẹ fi sí. Wọ́n fi í síbẹ̀ nígbà tó yá, àlàáfíà sì dé.

Alétò Ìyàwó

Ẹ gbọ́ tẹni yìí ju tiwa lọ.

Ọ̀mọ̀wé Ìṣirò

Ní kúkúrú. Ilé àtijọ́, ẹ fi 20% sí ẹ̀gbẹ́ lórí ohunkóhun tí àwọn oníṣẹ́ bá ní ó máa ná yín, ẹ ó ná an. Ìbánigbófò ilé gbígbé kì í sábà bo àlejò tó ń sanwó, ó sì lè má bo ilé tó ṣófo tí iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí alásè, olórin àti ẹni tó ni àgọ́ mú ìwé ìbánigbófò tiwọn wá. Owó tí ẹ máa dá padà bí nǹkan ò bá bàjẹ́, ẹ gba á lọ́tọ̀ sí owó ilé, kẹ́ ẹ sì kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi dá a padà. Owó àsanṣáájú ìgbéyàwó ọdún tó ń bọ̀ kì í ṣe owó páànù ọdún yìí. Bí ẹ bá ti ná an, tí iṣẹ́ sì pẹ́, kí lẹ máa dá padà?

Ajogúnlé

Oṣù márùn-ún rèé, mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Òrùlé ti parí. Igi méjì ti jẹrà pátápátá, owó 20% tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ti lọ. Ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́ bí bàbá bíríkìlà ṣe wí: ilẹ̀ ìta ti fi ìbú ọwọ́ kan ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ, a gbẹ́ ẹ kúrò. Ẹnjiníà wá, ó ṣí pákó, ó kọ 40 sílẹ̀ fún òkè, láìsí ijó. Àbúrò mi bínú ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ti ń ya àwòrán àgọ́, òun náà ló wá gba kàléńdà lọ́wọ́ mi. Ọ́fíìsì fún wa ní àṣẹ olùsinmi. Ti ìgbéyàwó ṣì wà lórí tábìlì wọn, nítorí náà a ò tíì gbowó ẹnikẹ́ni. Mo ti lọ kí aládùúgbò wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A pe ẹbí wá dán ilé wò, èèyàn 22. Omi gbígbóná tán lórí ẹnì kẹtàdínlógún, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni. Púlọ́mbà, mo ti ra tánkì kejì.

Ìbéèrè kan ló kù. Ògiri pálọ̀ kan ṣì ku oṣù mẹ́rin kó tó gbẹ, olùsinmi àkọ́kọ́ sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kí la lè fi bò ó tí kò ní dí i léèémí?

Bíríkìlà Àtijọ́

Ẹ má fi nǹkan kan bò ó. Ẹ gbé àga síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ ní ó ń gbẹ.